Àpò Tútù

Ẹ̀yìn ilé epo tó ti kógbá sílé l'Ókèṣà,
l'Iléṣà, níbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà.
Wẹ́dà ni mí. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé
tí mo ti ń bá ìpẹtà jà lábẹ́ ọkọ̀ àwọn ará Ìjẹ̀ṣà.
Mo mọ̀ ọ́n. Kì í kan ilẹ̀kùn.
Ọ̀dà á ṣì máa dán lókè,
abẹ́ á ti rọ̀ bí àkàrà tó mu omi.

Ìbíwùmí, àbígbẹ̀yìn mi,
tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò ní ọsibítù,
yà kí mi lọ́sàn-án Ọjọ́rú.
Ó bá mi nídìí búrẹ́dì àti kóòkì,
oúnjẹ mi láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ.
Kò bá mi wí. Ó jókòó sórí táyà,
ó ń wò mí bí mo ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́,
tí iná ń ta pàrà lára irin.
"Bàbá mi, inú yín náà rí báyìí."

Mo ní báwo?
Ó ní inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, àdògán wà níbẹ̀,
afẹ́fẹ́ tí mo ń mí ni wọ́n fi ń dáná oúnjẹ,
iná yẹn ló ń gbé mi dìde láàárọ̀.
Ṣùgbọ́n iná wo ni kì í ta?
Èyí tó bá ta jáde ń wá ohun tí yóò jó.
Bó bá ba ògiri sẹ́ẹ̀lì, ògiri á sán.
Bó bá wọ ìyẹ̀wù,
níbi tí ìwé ìdílé wà ní kíká,
á jó lẹ́tà kan dànù.
Èéfín jẹnẹrétọ̀ ń kún un lọ́wọ́. Sìgá ńkọ́?
(Mo rọra fẹsẹ̀ ti páálí kan sábẹ́ tábìlì.)

"Afẹ́fẹ́ tó ń ba irin mi jẹ́ náà ni mò ń mí?"
"Òun náà ni."
Mo sé èémí mi.
Dáúdà ọmọṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí hámà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwa rèé, tí a bá fẹ́ jórin nítòsí táǹkì epo,
Dáúdà á na àpò tútù bo táǹkì.
Iná á ta, á bà lé àpò, á kú síbẹ̀.
Àpò yẹn kì í ṣe akọni.
Ó kàn gba iná sára kí táǹkì má bàa gbà á.
Ìbíwùmí nawọ́ sí i: "Iṣẹ́ ẹ̀fọ́ nìyẹn.
Iṣẹ́ ata rodo, iṣẹ́ àgbálùmọ̀ tí ẹ ní ó kan.
Ṣé ẹ rántí iṣu tí Ìyá mi bẹ tó gbàgbé sórí àwo?
Ó dúdú, àbí?
Èyí tó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí lára kò dúdú.
Ọsàn ló ti fara rẹ̀ fún afẹ́fẹ́ jẹ."

Mo ní kó bá mi ra oníhóró rẹ̀ nínú ìgò,
èyí tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò Òṣogbo.
Ó mi orí. Ó ní inú abọ́ ni kí n ti wá a,
àti pé ewé kò bá ikú mulẹ̀,
ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ náà ń darúgbó.
"Ẹ ṣáà má fi táǹkì sílẹ̀ níhòòhò."
Àpò ń gbẹ. Àpò ń jó lu.
Ojoojúmọ́ là ń rẹ ẹ́ sómi.

Nírọ̀lẹ́ mo lọ sẹ́yìn balùwẹ̀,
síbi tí ìyá rẹ̀ máa ń gbin nǹkan sí.
Ẹnì kankan kò ro ó láti ọdún méjì,
síbẹ̀ tẹ̀tẹ̀ ti hù fúnra rẹ̀,
ó ga dé orúnkún mi.
Mo já ẹ̀kúnwọ́ méjì.
Iyọ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán.